Ọmọ Mélòó Ni Ká Mú Fún Eré Orí Ìtàgé Ilé-Ìwé?

Bí wọ́n bá ti kéde eré orí ìtàgé ní àsẹ́ńbìlì, ọwọ́ tí yóò nà sókè máa ń ju iye tí eré náà lè gbà lọ. Olùkọ́ tó bá fi ojú àánú mú wọn ni yóò rí wàhálà lọ́jọ́ eré: ọmọ 15 tí kò ní nǹkan ṣe, tí wọ́n tò sẹ́yìn ọba, ọ̀kan ń tún gèlè ṣe, òmíràn ń juwọ́ sí ìyá rẹ̀. Ẹ wá iye náà lórí ìwé kí ẹ tó pe ọmọ kankan wá dán an wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé eré. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìran sókè. Ẹ fi àmì sí gbogbo ibi tí ẹ̀dá ìtàn bá ti jáde, kí ẹ sì fi ìlà yí àmì náà po bó bá máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀dá ìtàn méjì tí wọn kò pàdé nínú ìran kankan, tí odidi ìran kan sì wà láàárín ìjáde wọn, ọmọ kan lè ṣe méjèèjì. Bí kò bá sí ìran láàárín, ibi tí ọmọ ti ń wá ẹnu ọ̀nà agbádá ni wọn yóò ti pè é. Ìránṣẹ́ ìran 1 lè di ọlọ́jà ní ìran 4, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò pẹ̀lú àwọn olórí ẹ̀dá ìtàn. Baálẹ̀ tó kú ní ìran 2, tó tún wá wọlé bí àlejò ní ìran 5, àwọn ọmọ JSS1 tó jókòó níwájú yóò pariwo pé ó ti jíǹde. Bí a bá ṣe é báyìí, eré tó ní ẹ̀dá ìtàn 14 lè bọ́ sí ọmọ 10.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú téèpù lọ sí gbọ̀ngàn. Ká ní ìtàgé yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24 ní ìbú, 16 láti iwájú dé ẹ̀yìn. 24 lọ́nà 16 jẹ́ 384. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò fún àga ọba, etí ìtàgé àti ọ̀nà àbáwọlé; ó ku 256. Ẹni tó dúró lásán ń fẹ́ àyè 3 lọ́nà 3, ìyẹn 9. Ẹni tó ń jó ń fẹ́ 4 lọ́nà 4, ìyẹn 16, nítorí apá ń fẹ̀, ìró sì ń ṣí. Nítorí náà, oníjó 12 yóò gba 192. Ohun tó kù yóò gba èèyàn 7 tó dúró. Ìran tí èrò pọ̀ sí jù ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò yìí. Àwọn onílù kò sí nínú rẹ̀: ẹ fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Bó bá jẹ́ kíláàsì méjì ni ẹ ṣí pọ̀, tí tábìlì ni ẹ tò ṣe ìtàgé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó lórí rẹ̀. Ilẹ̀ níwájú ni kí wọ́n ti jó.

Inú ègbè lẹ ti lè fi ọmọ kún un. Ní Èkìtì níbí, orin alámọ̀ wúlò gan-an fún èyí: ẹnì kan ń lé, àwọn yòókù ń gbè é. Ọmọ 8 sí 12 ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò kàn máa mi ètè ni.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í kà. Táàmù ọlọ́sẹ̀ 13 kì í fún yín ní ọ̀sẹ̀ 13. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ ìwọlé, ìsinmi àárín táàmù àti ọ̀sẹ̀ 2 ìdánwò. Ó ku 9. Ìpàdé mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ju bíi wákàtí 40 lọ. Wákàtí ìdánrawò kan fún ìṣẹ́jú eré kan ni ìṣirò tó ń gbà wá là, nítorí náà eré ìṣẹ́jú 40 ni apá yín ká, pẹ̀lú ọmọ 10 tó ń sọ̀rọ̀, 12 bó bá pọ̀ tán. Bí ọmọ bá pọ̀ gan-an, eré kúkúrú méjì tí olùdarí wọn yàtọ̀ sàn ju eré gbọọrọ kan lọ.

Ní táàmù kẹta, ẹ fi SS3 sílẹ̀ pátápátá nítorí WAEC àti NECO. JSS3 náà ní ìdánwò tiwọn. Òjò sì tún wà níbẹ̀: bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, ohùn kékeré ti run. Ẹ dín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kù, kí ẹ sì mú àwọn tí ohùn wọn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìsí máíkì. Ọmọ tó ń wọ ọ̀kadà padà sí abúlé, ìran tí a lè dán wò kí ó tó di aago mẹ́rin ni kí ẹ fi í sí.

Ti aṣọ kò le. Ìró àti bùbá ìyá ṣeé yá. Ti ègbè ló ń jẹ owó, nítorí ó gbọ́dọ̀ bára mu. Ọ̀pá mẹ́fà ankará máa ń tó ọmọ méjì, nítorí náà ègbè 12 ń fẹ́ mẹ́fà irú rẹ̀, kí a tó sanwó télọ̀.

Àpapọ̀ wá di 22: 10 tó ń sọ̀rọ̀, 12 nínú ègbè. Ẹ fi ọmọ 6 kún un fún aṣọ, iná àti ẹni tí yóò máa rán òṣèré létí ọ̀rọ̀; àgbàlagbà 3 ni yóò dúró tì wọ́n lẹ́yìn kọ́tìnì. Adípò olórí ẹ̀dá ìtàn, inú ègbè ni kí ẹ ti mú un, ẹyọ 2 péré, kí wọ́n sì máa kọ́ ọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹni tó bá fi ègbè sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ má fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ kàn tún ìtò wọn tò.

Àwọn òbí yóò wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ má dá “ará ìlú kẹta” sílẹ̀ nítorí wọn. Ẹ fi ọmọ náà sídìí gángan tàbí aṣọ, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ètò.