Fíǹsì Kì í Ṣe Bróílà: Àṣìṣe Tó Ń Pa Ẹyẹ Yín

Fíǹsì kan, ẹyẹ kékeré ajẹhóró tí à ń sìn nínú àgò, wú ìyẹ́ rẹ̀ bí òwú, ó dijú lọ́sàn-án gangan, ẹni tó ni ín ti sáré dé ṣọ́ọ̀bù oògùn adìyẹ ní Kubwa. Ó ra pawúdà fítámì, ó dà á sómi, ẹyẹ kú lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n á wá ní fíǹsì ò ṣeé sìn l'Ábújá. Ó ṣeé sìn o, ẹ̀yin lẹ ò fún un ní oúnjẹ tó péye.

Èkíní: ẹ ń wo abọ́, ẹ ò wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Fíǹsì a máa bó jéró kó tó gbé e mì, èèpo á sì já padà sínú abọ́. Abọ́ kún dẹ́nu, ebi ń pa ẹyẹ. Ẹ fẹ́ èèpo yẹn kúrò láràárọ̀. Ẹyẹ tí gbogbo ara rẹ̀ ò ju gíráàmù 12 lọ kò lè gbààwẹ̀ ọjọ́ kan.

Èkejì: jéró nìkan, látoṣù dóṣù. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀, kálíṣíọ̀mù àti fítámì A kò tó nǹkan. Ibẹ̀ ni ẹyin eléèpo rírọ̀ ti ń wá, tàbí ẹyin tó há sí abo nídìí. Ẹ sè èèpo ẹyin adìyẹ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sá a gbẹ, ẹ rún un wẹ́wẹ́, ẹ fi sí abọ́ ọ̀tọ̀ kí ẹyẹ fúnra rẹ̀ mú ìwọ̀n tó fẹ́. Ẹ fi ewé zogale (moringa) tútù kún un, àti ẹyin sísè díẹ̀ tí ẹ fọ́ wẹ́wẹ́. Nínú ooru Kánò, ẹyin yẹn kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú àgò. Gbúre kọ́ o: èròjà oxalate inú rẹ̀ máa ń di kálíṣíọ̀mù mú, kò ní jẹ́ kí ara rí i lò.

Ẹ̀kẹta: oòrùn ẹ̀yìn gíláàsì. Ìtànṣán tó ń jẹ́ kí ara ẹyẹ ṣe fítámì D3 kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ gbé wọn síta láàárọ̀, kí ìbòòji bo ìdajì àgò.

Wàyí o, pawúdà. Táǹkì omi agbo adìyẹ ni wọ́n ṣe ìwọ̀n ara páálí rẹ̀ fún, ẹ̀yin wá fi ìka méjì bù ú sínú ife tí kò gbà ju omi ẹnu lọ. Tó bá korò, ẹyẹ ò ní mu omi rárá. Tó bá sì jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á mu ún ju ìwọ̀n lọ. Àpọ̀jù fítámì A àti D kì í bá ìgbẹ́ jáde bọ̀rọ̀. D3 tó bá pọ̀jù a máa mú kí kálíṣíọ̀mù dì sínú kídìnrín. Omi tí ẹ da pawúdà sí náà, tó bá pẹ́ nínú ooru, ilé kòkòrò ni. Èyí tó tilẹ̀ ń dùn mí jù ni pé oxytetracycline, oògùn apakòkòrò àrùn, wà nínú ọ̀pọ̀ pawúdà wọ̀nyí. Oògùn yìí àti kálíṣíọ̀mù a máa so mọ́ra, nítorí náà ẹni tó da pawúdà sómi tó tún so cuttlebone (egungun funfun tí ẹyẹ ń ṣá jẹ fún kálíṣíọ̀mù) mọ́ àgò ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba méjèèjì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè jẹ́ coccidia (kòkòrò inú ìfun) tàbí kòkòrò inú ọ̀nà ọ̀fun ló ń dààmú ẹyẹ, tí fítámì kankan ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú ẹyẹ náà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ àyà rẹ̀. Egungun àyà tó yọ bí ojú ọ̀bẹ, ó ti rù nìyẹn. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, láàárọ̀ mẹ́ta léraléra. Ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò: funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn lè jẹ́ àìtó fítámì A, ó sì lè jẹ́ àrùn mìíràn, nítorí náà ẹ kó ìgbẹ́ tútù lọ fún dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria.

Mo ti gbàgbé èyí tí mo kà dé. Ẹyin tó há: ẹ má tẹ ikùn rẹ̀, tó bá fọ́ sínú, ó parí nìyẹn. Àpótí kékeré, ooru bíi 30°C, aṣọ tútù nítòsí kí afẹ́fẹ́ má gbẹ, pàápàá lásìkò ọyẹ́, kí ẹ sì pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Wáyà àgò tuntun tí zinc rẹ̀ ṣì ń dán: ẹ fi fínígà fọ̀ ọ́, májèlé rẹ̀ máa ń jọ àìsàn oúnjẹ.

Firefinch àti cordon-bleu, àwọn fíǹsì ìgbẹ́ tí àwọn ọmọ ń mú wá láti oko, kò lè fi jéró nìkan tọ́ ọmọ. Ẹ wá ikán fún wọn.

Píà (avocado): ẹ má fún wọn jẹ rárá.

Jéró tó bu nígbà òjò, ẹ dà á nù. Èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ náà, ẹ tẹ́ hóró 20 sórí aṣọ tútù kí ẹ tó ra àpò kan. Bí 15 ò bá hù láàárín ọjọ́ márùn-ún, ẹ wá ọlọ́jà mìíràn.