Bí A Ṣe Ń Yẹ Sípíkà Olówó Pọ́ọ́kú Wò Kí A Tó Sanwó

Ẹni tí ó bá dé Dùgbẹ̀ láti ra sípíkà méjì sí pálọ̀ yóò bá tuntun àti tòkunbọ̀ níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo yẹn kì í jẹ́ kí olùrà mọ èyí tí ó dára. Nítorí náà, ojú àti ọwọ́ ni kí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí etí tó dá sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àpótí. Ẹ fi eegun ìka kan ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá dún bí agolo òfìfo, pákó rẹ̀ fẹ́lẹ́, yóò máa bá orin gbọ̀n, ohùn àpótí ni ẹ ó sì máa gbọ́ mọ́ ohùn akọrin. Bí ìró rẹ̀ bá kúrú tí ó sì kì, pákó rẹ̀ nípọn. Ẹ gbé e wò pẹ̀lú, nítorí òòfà ńlá àti pákó tí ó nípọn máa ń wúwo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwúwo nìkan kò tó ẹ̀rí: ó ṣeé ṣe láti lẹ irin mọ́ inú àpótí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀. Ẹ fi ìka kan rọra tẹ etí wúfà (sípíkà ńlá inú àpótí tí ń mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde), níbi tí ó ti so ojú rẹ̀ mọ́ férémù. Etí tí ó jẹ́ rọ́bà máa ń pẹ́. Èyí tí ó jẹ́ fóòmù máa ń jẹrà lẹ́yìn bí ọdún 10 sí 20, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti pé ọjọ́ orí yẹn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti ra irú rẹ̀ rí nítorí pákó rẹ̀ tí ó ń dán, láì fọwọ́ kan etí wúfà. Kò pẹ́ tí fóòmù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ bí eérú. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti ojú wúfà sínú díẹ̀, kí ó lọ déédéé. Bí ó bá ń ha, wáyà inú rẹ̀ ti ń fi ara gbá irin, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn yín. Iye wáàtì tí wọ́n kọ PMPO sí, ìyẹn agbára tí wọ́n ní ó lè dé fún ìṣẹ́jú bíńtín, lè fi ìlọ́po púpọ̀ ju agbára tòótọ́ lọ. RMS, ìyẹn agbára tí ó lè máa gbé láìdáwọ́dúró, ni kí ẹ wá. Bí wọ́n bá kọ dB sí i, ìyẹn bí ó ṣe ń pariwo tó pẹ̀lú wáàtì kan, èyí tí ó jẹ́ 88 dB yóò fi ìdajì wáàtì tí èyí tí ó jẹ́ 85 dB ń fẹ́ pariwo tó o, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí àmpilifáyà rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fún sípíkà lágbára, kéré.

Nígbà náà ni kí ẹ tó tan orin. Ẹ bẹ olùtajà kí ó pa àwọn yòókù, kí ó dá bẹ́ẹ̀sì (ohùn ìsàlẹ̀) àti tírẹ́bù (ohùn òkè) padà sí àárín, kí ẹ sì lo orin tí ẹ mọ̀ dunjú, ní ohùn kékeré. Ní tèmi, orin tí dùndún wà nínú rẹ̀ ni mo máa ń gbé lọ, nítorí ìlù wa ń sọ̀rọ̀, etí wa sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ni. Sípíkà tí bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kàn ń hó máa ń gbé ohùn kan ṣoṣo ga ju ìyókù lọ, tí ìyáàlù bá sì sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò di ọ̀kan náà: ẹ ó gbọ́ ìlù, ẹ kò ní gbọ́ ohun tí ó wí. Kí gúdúgúdú dún ṣáṣá, kí ó sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dún bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ń gbá igbá, kí ó má dún bí epo gbígbóná tí ń ta. Ẹ sún mọ́ tuwítà, sípíkà kékeré tí ń mú ohùn òkè jáde, pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ ike lásán, tí ìró kankan kì í ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìlù, ẹ gbọ́ ohùn ẹni tí ń ka ìròyìn: kí ó má dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò.

Ẹ wá gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ rí i pé wáyà pupa lọ sí pupa, dúdú sí dúdú, lára sípíkà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá yí padà, bẹ́ẹ̀sì yóò sá, akọrin kò sì ní dúró sí àárín mọ́, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé ọjà náà ni kò dára.

Ilé kì í dún bí ṣọ́ọ̀bù. Pálọ̀ onítáìlì tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì máa ń dá ohùn padà, igun ògiri sì máa ń fi kún bẹ́ẹ̀sì. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bá olùtajà ṣe àdéhùn pé ẹ lè dá a padà bí ẹ bá gbọ́ ọ nílé fún ọjọ́ kan tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, kí ó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì.