Bí a ṣe lè ṣètò láti dín gáàsì tó ń mú ayé gbóná kù ní Ìlọrin

Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò bí ìlú Ìlọrin yóò ṣe dín gáàsì tó ń mú ayé gbóná kù, ìṣirò ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe igi gbíngbìn. Igi dára, mo sì ń gbìn ín, ṣùgbọ́n ìlú tí kò mọ ibi tí èéfín rẹ̀ ti ń jáde kò lè mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ dín kù. Ẹ mú ọdún kan ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ sì ka ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Ìlọrin pọ̀, nítorí ẹni tó ń gbé ní Táńkẹ̀ lè máa tajà ní Ìpata.

Jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Lítà bẹntiróò kan tó bá jóná máa ń tú nǹkan bíi kílò 2.3 carbon dioxide, ọ̀kan nínú gáàsì tó ń mú ayé gbóná, sáfẹ́fẹ́. Ti dísù sún mọ́ kílò 2.7. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn Alángúà, àwọn Magájí àti àwọn olórí ọjà, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe owó orí lẹ wá gbà. Lẹ́yìn náà kí ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ bi télọ̀, onígbàjámọ̀, alọta àti ẹni tó ń ta omi tútù pé lítà mélòó ni wọ́n ń rà lójúmọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sí ọlọ́jà tí kò mọ iye tí epo ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀bù 100 ń jó lítà bẹntiróò 3 lọ́kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kílò 690 ni wọ́n ń tú jáde lọ́jọ́ kan, iye yìí lẹ ó sì gbé síwájú ẹni tó bá béèrè ìdí tí ìlú fi ní láti ran ọjà lọ́wọ́ láti ra sólà àjùmọ̀lò. Ẹ má rò pé iná ìjọba kò ní gáàsì tó ń tú jáde: ìsédò Jẹ́bà ń fi omi Odò Ọya ṣe iná, ṣùgbọ́n gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú èyí tó ń gba orí wáyà kan náà kọjá.

Ní ti ìdọ̀tí, èèpo iṣu àti ewé tó bá jẹrà lábẹ́ òkìtì ààtàn, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, máa ń di methane, tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 28 ti carbon dioxide láàárín 100 ọdún. Odò ẹran ni ojú mi wà jù, nítorí ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n ń gbá dànù níbẹ̀ ṣeé kó sínú táǹkì tí a dé pa, kó di gáàsì ìdáná fún àwọn tó ń fi igi se ẹran.

Ọkọ̀ kò ṣòro kà. Ẹ jókòó sí Post Office àti Challenge láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ẹ ka táksí, kẹ̀kẹ́ Màrúwá àti ọ̀kadà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀ àti ní ọjọ́ mìíràn.

Nàìjíríà ti ṣòfin lórí àyípadà ojú ọjọ́ ní 2021, ó sì ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow pé tó bá fi máa di ọdún 2060, gáàsì tí òun ń tú jáde kò ní ju èyí tí òun ń fà padà kúrò nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ìyẹn jìnnà jù fún ìlú. Ẹ fi ọdún 5 ṣe gbèdéke tiyín, kí ẹ kọ ọ́fíìsì tí yóò ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé ìṣirò àkọ́kọ́ dáadáa, nítorí ìbéèrè kan náà lẹ ó tún padà lọ béèrè ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan náà lẹ́yìn ọdún 2.