Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọgbà àjàrà Chianti

Àwọn ọ̀nà kéékèèké Chianti, láàárín Firenze àti Siena ní ilẹ̀ Ítálì, dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkè ni wọ́n fi ń ra ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Orí òkè ni wọ́n tẹ àwọn ìlú ibẹ̀ dó: Radda ga tó nǹkan bíi mítà 530, Castellina tó nǹkan bíi 580, odò Pesa àti odò Arbia sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà ńlá sábà máa ń gba orí òkè lọ. Ọ̀nà kékeré ni í já wálẹ̀ dé etí odò, tí í sì tún pọ́n òkè kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kíka kìlómítà láì ka òkè

"Ọgọ́ta kìlómítà péré" ni wọ́n máa ń wí. Ní Chianti, nínú ìyípo kìlómítà 60, àpapọ̀ òkè tí ẹ ó gùn lè tó mítà 1,000, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ọ̀nà láti Greve sí Castellina. Greve wà ní nǹkan bíi mítà 240. Ẹ ó pọ́n òkè dé Panzano, tó sún mọ́ 500, ẹ ó tún já wálẹ̀ dé odò Pesa, gbogbo gíga tí ẹ ti làágùn fún á sì ṣòfò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òkè gígùn tó lọ sí Castellina. Ẹni tó ń sáré kìlómítà 25 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó fi 15 ṣírò níbí, kó sì fi àkókò oúnjẹ àti omi kún un. Tí ẹ bá ń ya ọ̀nà sórí fọ́ọ̀nù, àpapọ̀ òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo bí ọ̀nà ṣe gùn tó.

Kẹ̀kẹ́ tí gíà rẹ̀ le ni ìkejì rẹ̀. Tí eléyín iwájú (irin tí ṣéènì ń yí lé) tó kéré jù bá ní eyín 34, tí èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì ní 28, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á lọ síwájú ní nǹkan bíi mítà 2.5. Lórí òkè 12%, èyí tó ń ga sókè ní mítà 12 nínú ọgọ́rùn-ún mítà, ìyẹn ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: ẹsẹ̀ á máa fà, orúnkún ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tí ti ẹ̀yìn bá ní eyín 34, mítà 2.1 ni, ẹsẹ̀ á sì lè máa yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan bí ẹ bá tilẹ̀ ń lọ ní kìlómítà 7 àbọ̀ péré ní wákàtí. Ẹ má tìtorí pé kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́ kí ẹ gbà á. Kí ẹ tó sanwó háyà, ẹ béèrè iye eyín tó wà lẹ́yìn. Tí kò bá tó 32, ẹ wá òmíràn. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì náà kò gbọdọ̀ fi agbára tó ga jù gun òkè àkọ́kọ́, torí òkè tó kẹ́yìn, tó sábà máa ń jẹ́ èyí tó lọ sí ilé tí ẹ sùn sí, ni bátìrì á kú sí.

Títẹ̀ lé SR222 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ọ̀nà SR222, tí wọ́n ń pè ní Chiantigiana, ló gbajúmọ̀ jù, torí pé ó gba inú ọgbà àjàrà kọjá láti Firenze dé Siena. Ó lẹ́wà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá ni. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sunday tí oòrùn bá mú, àwọn alùpùpù ńlá máa ń sáré kọjá níbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pàápàá láti Firenze títí dé Greve. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbà á, ẹ gbà á láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ya kúrò lórí rẹ̀: láti Siena, ẹ gba Vagliagli lọ sí Radda, láti Gaiole, ẹ gba abẹ́ ilé olódi Brolio lọ sí Castelnuovo Berardenga, láti Radda, ẹ gòkè lọ sí Volpaia, abúlé kékeré tó ga ju mítà 600 lọ. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀nà tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá.

Ọ̀nà ńlá tí mọ́tò ti ń sáré, tó já tààrà láti Firenze sí Siena, kò sí fún kẹ̀kẹ́ rárá. Òfin kà á léèwọ̀. Ẹ ṣọ́ fọ́ọ̀nù yín kó má darí yín síbẹ̀. Àìda mìíràn tí fọ́ọ̀nù ń ṣe ni pé ó máa ń gba inú ọgbà àjàrà olóko kọjá, torí pé ọ̀nà náà kúrú. Tí ẹ bá rí "proprietà privata" (ilẹ̀ àdáni) tàbí ṣéènì tí wọ́n fi dí ọ̀nà, ẹ yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má já èso àjàrà ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó sún mọ́ ojú ọ̀nà tó: oúnjẹ òòjọ́ olóko ni.

Fífojú tín-ín-rín ọ̀nà funfun

"Strade bianche" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí, tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti eruku funfun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ L'Eroica, ìrìn-àjò ọdọọdún tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ṣe, ní Gaiole lọ́dún 1997 kí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ má bàa pa rẹ́ sábẹ́ ọ̀dà, ọ̀nà kìlómítà 209 rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ní gbogbo ọdún, ẹnikẹ́ni lè gun apá tó bá wù ú. Ọ̀nà tí a fẹ́ràn jù nìyí, òun náà ló sì ń gbé àlejò ṣubú jù.

Táyà ló kọ́kọ́ ń fa wàhálà. Táyà mìlímítà 25 tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ bar 7 á máa ta sókè lórí òkúta, kò ní di ilẹ̀ mú. Ẹ lo 32, ó kéré tán 28. Fún ẹni tó wọn kílò 70, bar 4 tó lórí 32. Túùbù méjì ni kí ẹ gbé dání, kì í ṣe ẹyọ kan, torí òkúta mímú lè lu iwájú àti ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan náà, kò sì sí fókanáísà létí ọ̀nà.

Bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo ojú ọ̀nà dáadáa: táyà mọ́tò ti tẹ ipa méjì mọ́lẹ̀, ó le, ó sì mọ́, òkúta tó kù ti kó jọ sí àárín àti sí etí. Inú ọ̀kan nínú ipa méjèèjì ni kí ẹ wà. Ẹ má ṣe gba orí òkìtì àárín kọjá nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà, torí ibẹ̀ ni táyà iwájú ti máa ń yọ̀. Kí ẹ tó dé kọ́nà, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ti di gbágungbàgun nítorí ibẹ̀ ni gbogbo mọ́tò ti ń tẹ bíréèkì. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé orí rẹ̀, ẹ fi ìdí sẹ́yìn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀, kí ẹ sì tú bíréèkì iwájú sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti wọ kọ́nà. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó wọ inú kọ́nà kó tó tẹ bíréèkì iwájú, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Lẹ́yìn òjò, ẹ má lọ sí Crete Senesi, gúúsù ìlà-oòrùn Siena, lórí ọ̀nà funfun. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Yóò dì mọ́ àárín táyà àti fọ́ọ̀kì títí wíìlì kò fi ní yí mọ́, ẹ ó sì gbé kẹ̀kẹ́ lórí. Ẹ dúró kí oòrùn ọjọ́ kan gbẹ ẹ́.

Mímu wáìnì láàárín ìrìn-àjò

Àkùkọ dúdú tó jẹ́ àmì wáìnì Chianti Classico wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wáìnì káàkiri, wọ́n á sì pè yín wọlé. Ife mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n lè fi tọ́ yín lẹ́nu wò. Òfin Ítálì tó ní kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ má ju giráàmù 0.5 nínú lítà kan lọ, ó mú ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ náà. Yàtọ̀ sí òfin, ọtí lábẹ́ oòrùn ń gbẹ omi ara, ó sì ń mú kí ọwọ́ pẹ́ lórí bíréèkì. Ẹ fi ìtọ́wò sí ibi tí ìrìn-àjò ọjọ́ náà bá parí sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tu ú sínú ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Omi, oúnjẹ àti àkókò

Ilé ìtajà abúlé sábà máa ń tì láti bíi agogo kan ọ̀sán títí dé mẹ́rin. Ẹni tó bá dé lágogo méjì lọ́jọ́ oòrùn á bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ gbé ike omi méjì, 750 mílílítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa pọn ọ́n kún ní gbogbo ẹ̀rọ omi àárín ìlú. "Acqua non potabile" túmọ̀ sí pé kí ẹ má mu ún. Ní July àti August, ẹ jáde kí agogo méje àárọ̀ tó lù.

September sí October ni ìkórè àjàrà. Katakata á máa já jáde láti inú ọgbà lójijì, ẹrẹ̀ àti omi àjàrà á sì mú kí ọ̀dà máa yọ̀. Ìgbà yẹn náà ni ọdẹ ń wọ igbó. Òfin kò gbà wọ́n láàyè láti ṣọdẹ lọ́jọ́ Tuesday àti Friday, nítorí náà, ọjọ́ méjèèjì yẹn ló dára jù fún ọ̀nà inú igbó. Lọ́jọ́ yòókù, ẹ wọ aṣọ tó tàn. L'Eroica fúnra rẹ̀ máa ń wáyé ní Sunday àkọ́kọ́ October. Ẹ má wá sí Gaiole lọ́sẹ̀ yẹn láì tíì gba yàrá sílẹ̀.

Òfin ọ̀nà kò ṣòro. Lẹ́yìn ìlú, ẹ tò tẹ̀ lé ara yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má gùn ún ní ẹ̀gbẹ́ ara yín. Láti ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, iná àti aṣọ tó ń dán jẹ́ dandan. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Sísọ̀ ní ibùdókọ̀ tí kò yẹ

Reluwé kò dé Greve, Radda tàbí Gaiole. Ibùdó tó ń jẹ́ Castellina in Chianti-Monteriggioni kò sí ní Castellina tó wà lórí òkè. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ló wà, òkè gígùn ló sì kù kí ẹ tó débẹ̀. Fún Castellina, ẹ lè sọ̀ ní Poggibonsi, kí ẹ gba ọ̀nà SR429 gòkè. Fún Gaiole, ẹ sọ̀ ní Montevarchi, kí ẹ gun òkè kọjá Badia a Coltibuono. Reluwé agbègbè tó ní àmì kẹ̀kẹ́ lára ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú tiyín. Frecciarossa, reluwé tó ń sáré gan-an, kì í gba kẹ̀kẹ́ àyàfi tó bá ti wà nínú àpò, ní títú tàbí ní kíká.