Bí a ṣe ń sọ ìtọ̀ ilé di ajílẹ̀ fún àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé nílé tí balùwẹ̀ wà níta ló mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ yẹn ló máa ń sanra jù ládùúgbò, ewé ẹ̀ á dúdú mìnìmìnì, ọmọ ẹ̀ á máa yọ lọ́tùn-ún lósì. Omi nìkan kọ́ ló fà á o, ìtọ̀ táwọn èèyàn ń tọ̀ síbẹ̀ tí wọ́n bá ń wẹ̀ náà ń bọ́ ọ. Yúríà ló wà nínú ìtọ̀, yúríà náà ni iléeṣẹ́ Dangote ń fi gáàsì ṣe ní Lekki tí wọ́n ń rọ sínú báàgì, nǹkan kan náà ni méjèèjì. Àmọ́ tiwa là ń dà sí ṣalángá, a wá tún ń kówó lọ sọ́jà lọ ra ti báàgì, bẹ́ẹ̀ ajílẹ̀ ti di ọ̀wọ́n gógó báyìí. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìtọ̀ àgbàlagbà kan lọ́dún kan máa ń ní náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ irúgbìn tó wà nínú yúríà, bíi kílò 2 sí 4 nínú, ó wà lọ́wọ́ irú oúnjẹ tónítọ̀hún ń jẹ, ẹni tó bá ń rí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà jẹ dáadáa ni tiẹ̀ máa pọ̀. Báàgì ajílẹ̀ NPK 15:15:15 tó jẹ́ kílò 50, 15 àkọ́kọ́ yẹn ni náítírójìn, ìyẹn 15 nínú 100, torí náà kílò 7.5 péré ni náítírójìn inú ẹ̀. Tó fi hàn pé ilé tí àgbà mẹ́rin ń gbé, wọ́n ń tọ náítírójìn báàgì kan dànù lọ́dún, ó tiẹ̀ lè tó méjì. Phosphorus àti potassium, oúnjẹ irúgbìn méjì tó kù nínú NPK, náà wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń jáde lára wa, inú ìtọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ irúgbìn wà, inú ìgbẹ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú aràn àti kòkòrò àrùn wà. Torí ẹ̀, gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí ò ju pé ká má jẹ́ kí méjèèjì pàdé.

Ohun kejì tó jẹ́ kí n máa pariwo ọ̀rọ̀ yìí ni kànga. Ọ̀pọ̀ ilé wa, ṣalángá tàbí soakaway wà níbí, kànga wà lọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n fi jìnnà síra ò tó nǹkan. Náítírójìn tó bá wọlẹ̀ máa ń di nitrate, nitrate á sì bá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú kànga. Ẹ lè se omi yẹn títí, nitrate ò ní kúrò níbẹ̀, ńṣe ló tún máa ki sí i bí omi bá ṣe ń fà. Ọmọ ìkókó tí wọ́n ń fi omi yẹn po mílíìkì fún ló léwu fún jù, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ní lè gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́. Ìtọ̀ tí àgbàdo bá ti fà mu ò ní dé kànga.

Ó yá, bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Kẹ́ẹ̀gì àti àrọ

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì oníke tó ní ìdérí tó ń dé dáadáa, èyí tó ń gba lítà 25 ló dáa. Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n fi ra bẹntiróò tàbí oògùn apakòkòrò rí. Ẹ má lo garawa onírin, ìtọ̀ máa jẹ ẹ́. Tí kò bá sí àrọ nílé, ẹ gé ìdajì òkè ìgò ọ̀rá ńlá, ẹ dojú ẹ̀ kọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, àrọ ti délẹ̀ nìyẹn.

Òórùn ló máa ń lé àwọn èèyàn sá nídìí iṣẹ́ yìí, torí náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ẹ wá bọ́ọ̀lù ping-pong kan, ẹ jù ú sínú àrọ yẹn, ó máa jókòó sórí ihò, ó máa dí i. Tí ìtọ̀ bá ń wọlé, bọ́ọ̀lù á léfòó, ìtọ̀ á kọjá, tó bá ti tán, bọ́ọ̀lù á tún padà jókòó síbi ihò, òórùn ò ní ráyè jáde. Gílóòbù iná tó ti jó náà ń ṣiṣẹ́ yìí bí kò bá sí bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin lè tọ̀ sí i tààrà. Àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé, póò ló rọrùn jù fún wọn, kí wọ́n tọ̀ sínú póò lóru, tó bá di àárọ̀ kí wọ́n dà á sínú àrọ.

Ẹ má fi omi fọ póò tàbí àrọ kẹ́ẹ wá da omi ẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, omi máa jẹ́ kó tètè kún lásán, kì í sì í jẹ́ kí ìtọ̀ lágbára tó láti pa kòkòrò. Hypo ńkọ́? Ẹ má dán an wò rárá! Tí Hypo tàbí blíìṣì èyíkéyìí bá pàdé ìtọ̀ tó ti pẹ́, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró èèyàn léṣe.

Ìtọ̀ ẹni tó ń lo oògùn antibiotic lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ sílẹ̀ títí á fi lo oògùn ẹ̀ tán. Ẹni tó bá ní àtọ̀sí ajá, tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, ìtọ́jú ló kàn fún un lọ́sibítù, ẹ má sì gba tiẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi yá.

Ẹ dé e pa

Ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin tí gbogbo wọn bá ń dá sí i, kẹ́ẹ̀gì kan á kún láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ti kún, ẹ yọ àrọ, ẹ fi ìdérí dé e pinpin, ẹ fi máàkà kọ ọjọ́ tó kún sára ẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ ibòòji, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ òmíì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì nìyí: yúríà á di ammonia, ìtọ̀ á wá máa ta gan-an bí omi eérú, títa yẹn ló máa pa kòkòrò àrùn. Ammonia yìí náà ni náítírójìn wa o, gáàsì sì ni, tí kẹ́ẹ̀gì bá ṣí sílẹ̀ á fò lọ sínú afẹ́fẹ́, tó bá fi máa di ọjọ́ tẹ́ẹ máa lò ó, ajílẹ̀ ti lọ, òórùn ló kù. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdérí nìyẹn.

Ìwé ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2006 sọ pé níbi tí ooru bá ti tó 20°C sókè (tiwa kọjá bẹ́ẹ̀ láti January dé December), oṣù kan tó fún ohun tí a máa sè ká tó jẹ ẹ́, oṣù mẹ́fà fún gbogbo irúgbìn yòókù, títí kan èyí tí a máa jẹ ní tútù. Tó bá jẹ́ oko tẹ́ẹ ti ń kó nǹkan lọ tà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró de oṣù mẹ́fà yẹn. Kẹ́ẹ̀gì márùn-ún máa tó yín yí po fún ti oṣù kan.

Lílò ó lóko

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ aṣọ oko tẹ́ẹ yà sọ́tọ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kírun, kó má ta sí aṣọ tẹ́ẹ máa wọ̀ kírun. Ẹ mi kẹ́ẹ̀gì dáadáa kẹ́ẹ tó ṣí i torí phosphorus máa ń sùn sísàlẹ̀ bí iyanrìn. Tẹ́ẹ bá ti ṣí i, ẹ má tẹ orí sí i, òórùn ẹ̀ á gún yín nímú.

Fún àgbàdo, nǹkan bíi lítà kan àtààbọ̀ ni ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní mítà kan nílò láti ìgbà tẹ́ẹ gbìn ín títí tẹ́ẹ máa fi kórè. Tí mo bá ní kí n sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé gbogbo wa, agolo mílíìkì olómi, kékeré yẹn, agolo kan fún ìdí àgbàdo kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ẹ gbìn ín, ẹ̀ẹ̀kejì tó bá di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ fi omi agolo mẹ́ta là á, ìyẹn ni pé ìtọ̀ kan, omi mẹ́ta. Ẹ fi ọkọ́ la ojú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo, kó jìnnà sí ìdí ẹ̀ tó bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ẹ dà á síbẹ̀, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bíbò yẹn ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ bá fi sílẹ̀ gbayawu oòrùn á fà á lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù. Ẹ má da sórí ewé, ó máa jó o, ẹ má sì dà á nígbà tí òjò ńlá bá ti ṣú, torí ó máa gbá a lọ sínú gọ́tà.

Bẹ́ẹ bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó parí, kó ku oṣù kan gbáko kẹ́ẹ tó kórè, ohun yòówù kẹ́ẹ gbìn. Ibi tí ẹ̀fọ́ ti le díẹ̀ nìyẹn, torí tẹ̀tẹ̀ kì í tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tá a fi ń fà á. Ti tẹ̀tẹ̀, kí ẹ tó fọ́n irúgbìn ni kẹ́ẹ ti da ìtọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì, lítà kan àtààbọ̀ fún mítà kan ní mítà kan náà ni, ẹ ro ó pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ẹ wá fọ́n irúgbìn. Ṣọkọ àti ẹ̀fọ́ mìíì tá a máa ń rẹ́ léraléra, bákan náà.

Ata àti tòmátì, ẹ fún wọn níwọ̀nba, bí náítírójìn bá pọ̀ jù, ewé ni wọ́n á máa ṣe, wọn ò ní so. Eérú máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ torí potassium, àmọ́ ẹ má da eérú sínú kẹ́ẹ̀gì, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni kẹ́ẹ wọ́n ọn sílẹ̀, torí eérú máa lé ammonia jáde. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà ò nílò ẹ̀, àwọn yẹn ń rí náítírójìn tiwọn gbà látinú afẹ́fẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kò ní wàhálà, ẹ wa kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìdí ẹ̀ ká, ẹ máa dà á síbẹ̀ lóṣooṣù, ẹ bò ó.

Ìtọ̀ níyọ̀ o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ bá ń dà á láìbu omi sí i, etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ilẹ̀ náà á le. Bẹ́ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ bu omi sí i dáadáa. Ìdí tí màá fi ní kẹ́ẹ fi ewé jíjẹrà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà kún un nìyẹn, torí ìtọ̀ ò lè sọ ilẹ̀ di rírọ̀, ó kàn ń bọ́ irúgbìn ni. Ẹ má sì lò ó nítòsí kànga tàbí etí odò.

Ẹni tí ò bá tíì dá a lójú, kó ṣe poro kan sílẹ̀ láìfún un ní nǹkan kan, kó fún poro kejì. Ní orílẹ̀-èdè Niger, láti 2014 sí 2016, àwọn obìnrin àgbẹ̀ dán an wò báyìí lórí jéró, nínú ilẹ̀ oníyanrìn tó ti gbó, ìkórè wọn fi bíi 30% ju ti ibi tí wọn ò fi sí.

Ìgbẹ́ ńkọ́?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa kó ìgbẹ́ lọ sóko. Àmọ́ ẹni tó nílẹ̀ lábúlé, tí ò tíì ní ṣalángá, ọ̀nà kan wà tó rọrùn, Arborloo ni wọ́n ń pè é, Peter Morgan ló gbé e jáde ní Zimbabwe, òun náà ni wọ́n fún ní Stockholm Water Prize lọ́dún 2013. Ẹ gbẹ́ kòtò tí kò ju mítà kan lọ, ẹ gbé pákó tàbí kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ẹ fi máàtì tàbí páànù kọ́ ilé kékeré tó ṣeé gbé sórí ẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣu tán, kó da ife yẹ̀pẹ̀ àti eérú sí i. Ẹ má ju ọ̀rá síbẹ̀ láé. Tó bá ti kún dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ gbé ilé yẹn lọ sórí kòtò tuntun, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ tó dáa dí ti àkọ́kọ́, kó nípọn tó bí ìka ọwọ́ gígùn kan àtààbọ̀, ó kéré tán, kẹ́ẹ gbin máńgòrò, ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i nígbà òjò. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ìgbẹ́ yẹn mọ́, gbòǹgbò ló máa wá a lọ nígbà tó bá ti di yẹ̀pẹ̀. Níbi tí omi ti wà nítòsí òkè ilẹ̀ bíi ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, tẹ́ẹ bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ tí omi ti ń sun, kò ṣeé ṣe níbẹ̀. Ti kẹ́ẹ̀gì ló bá wọn mu, kódà ní yàrá kan tó ní bákónì.