Bẹ́ ẹ bá ń lọ sílé l'Àkúrẹ́ nínú ààwẹ̀, iyán lẹ máa kọ́kọ́ yanjú

Ẹ̀yin tí ilé yín dà bíi tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arákálẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tẹ́yin ń lọ mọ́ṣáláṣí, tí màmá sì ń bọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2024, 31 March, ọdún Àjíǹde bọ́ sínú ààwẹ̀ gan-an, gbogbo ilé wálé, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n gbé iyán síwájú mi, èéfín ń yọ lórí ẹ̀, mi ò jẹ ẹ́, màmá mi rò pé mò ń bínú sí wọn ni. Ẹ̀bi mi ni o, mi ò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀.

Torí náà kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ pe ẹni tó ń dáná, kí wọ́n sún iyán síwájú di àsìkò ìṣínu. Ẹ má sọ ọ́ fún bàbá, wọ́n á gbàgbé. Ẹ má sì fi sórí WhatsApp fámílì, kò sẹ́ni tó máa rí i láàárín àdúrà àárọ̀ tí wọ́n ń fọ́wáàdì kiri.

Lójú ọ̀nà, Kùránì ti yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, pé ó lè jẹun kó san ọjọ́ náà padà tó bá yá. Èkó sí Àkúrẹ́ ju 250 kìlómítà lọ, ìrìn-àjò ni kẹ̀, bẹ́ ẹ bá ra búrẹ́dì ní Ore kí ẹnikẹ́ni má wò yín bí olè. Èmi ṣá, n kì í jẹ, torí kéèyàn máa dá nìkan jí sààrì lẹ́yìn ọdún torí gbèsè ọjọ́ kan, ó ń sú mi. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ọjọ́ 4 gbáko nílé, nínú ìlànà Ìmáàmù Màlíkì tí ọ̀pọ̀ àfáà wa ń tẹ̀lé, ẹ ti di onílé nìyẹn, ẹ gbààwẹ̀ yín.

Ẹ má lo àkókò sààrì àti ìṣínu ti Èkó o! Oòrùn Àkúrẹ́ fi bí ìṣẹ́jú 7 yá ju tÈkó lọ, nírọ̀lẹ́ ó máa dùn mọ́ yín, lásìkò sààrì ẹ lè máa jẹun nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́.

Ti Iléyá yàtọ̀. Ààwẹ̀ ọjọ́ Áráfà, ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀, súná ni, kì í ṣe dandan, bí ìrìn bá le, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ 3 tó tẹ̀lé e, ẹ ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ rárá, ẹ má kó gbèsè ààwẹ̀ wálé wá san nígbà yẹn.

Ó ku iyán. Ẹni tó ní kí wọ́n sún un síwájú ló máa gún un. Ní March, aago mẹ́fà àbọ̀ kẹ́ ẹ gbé iṣu kaná, kẹ́ ẹ fi dàbínù àti omi ṣínu, kẹ́ ẹ kírun Màgàríbì, iṣu á ti jinná. Màmá mi dúró tì mí lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ń fọwọ́ tẹ ẹ́ wò, "kókó ṣì wà níbí, gún un." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti jẹun yó láti ọ̀sán dìde, ó lọ fọwọ́.