Bí o ṣe lè kọ ìtàn ayé ìyá tó ṣe akọ̀wé ilé ìwòsàn

Má fi ọjọ́ ìbí bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá náà ni kó o fi ṣíde. Màmá mi tẹ lẹ́tà àwọn dókítà ní UCH Ìbàdàn látayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé títí kọ̀ǹpútà fi dé. Nígbà tí mo fẹ́ kọ tiwọn, àpótí wọn ni mo kọ́kọ́ tú. Lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ ló máa sọ ọdún tí wọ́n wọṣẹ́ fún ẹ. Ìwé ṣọ́tíháńdì wọn, ìyẹn ìkọ̀wé kíákíá tí akọ̀wé fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, náà wà níbẹ̀, pẹ́ńsù tó ti kúrú bí ìka há sínú rẹ̀. Mo sunkún.

Lẹ́yìn náà, wá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ, kó o gba ohùn wọn sórí fóònù. Ẹnì kan ní màmá kì í jẹ́ kí fáìlì aláìsàn sùn sórí tábìlì. Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Oríkì ńkọ́? Àbúrò wọn ni kó o bi.